Ọ̀bẹ Kì í Mú Kó Gbẹ́ Èkù Ara Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Igi Ìdí Ìbọn Ìdíje



Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ kan tí àwọn ọmọ wa níhìn-ín kò tíì gbọ́ rí. Iṣẹ́ káfíńtà ni bàbá mi fi tọ́ mi n'Íbàdàn, igi náà ni mo sì ń bá ṣeré ní Queens yìí títí dòní. Nínú iṣẹ́ igi, mo wá mú ẹ̀ka kan tí kò sẹ́ni tó máa ń rántí rẹ̀ bí a bá pe káfíńtà: igi ìdí ìbọn, pàápàá ti ìbọn tí wọ́n fi ń díje lórí tábìlì. Mo rí i pé ara àwọn kan ti bù máṣọ. Ẹ fọkàn balẹ̀. N kò gbé ìbọn wá. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò gbà kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Ilé ìkàwé, irú èyí tí a jókòó sí yìí, sì wà lára àwọn ibi tí òfin ìpínlẹ̀ New York ti ọdún 2022 ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ìbọn wọ̀. Pákó kan ni mo gbé wá, àpò iyanrìn méjì, bébà díẹ̀, àti owó dọ́là kan. Wọ́n tó fún iṣẹ́ òní.

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, òwe kan ti sọ ọ́ tán: ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Irin ló ń ju ọta, irin ni gbogbo ojú ń wò, irin ni wọ́n ń fi orúkọ pè. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí irin dára tó, igi tó gbé e ni yóò sọ bóyá ọta kejì máa bá ti àkọ́kọ́ nínú ihò kan náà. Ìbọn tí kì í tàsé ni ìbọn tó mọ bí a ti ń padà sí àyè rẹ̀. Igi ló sì ń mú un padà.

Creedmoor, ẹ̀yìnkùlé wa

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Oko ni Cambria Heights yìí títí di 1923, nígbà tí Oliver LaFreniere, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta ilẹ̀, ra oko, tó gé e sí ilẹ̀ ilé. Báǹkì kan láti agbègbè Cambria ní Pennsylvania ló gbé owó kalẹ̀, ibẹ̀ la ti rí orúkọ tí à ń jẹ́. Springfield Boulevard tí ọ̀pọ̀ yín gbà wá síbí kò bá ìbọn Springfield tan rárá. Abúlé àtijọ́ kan ló fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ẹ wá kọrí sí àríwá, bíi máìlì mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ ó dé ibi tí òpópónà kan ń jẹ́ Winchester, òmíràn Musket, òmíràn Sabre, òmíràn Range. Orúkọ ìbọn, orúkọ idà, àti ti pápá ìyìnbọn fúnra rẹ̀. Creedmoor nìyẹn. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì mọ ibẹ̀ sí ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ wọn kò jí pépé. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ti ṣiṣẹ́ òru níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ilé ìwòsàn, pápá ìyìnbọn tó lókìkí jù lọ ní Amẹ́ríkà ni. Oko ìdílé Creed ni. Ẹgbẹ́ National Rifle Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní 1871, fi owó tí ìpínlẹ̀ fún wọn rà á, wọ́n sì ṣí i ní oṣù kẹfà ọdún 1873.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1874, àwọn ará Ireland gbé ìbọn wọn dé Creedmoor. Ẹni mẹ́fà láti ìhà tiwọn, ẹni mẹ́fà láti ìhà Amẹ́ríkà. Wọ́n yìn láti 800 yáàdì, láti 900, láti 1,000. Ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu ni àwọn ará Ireland lò, èyí tí Rigby ṣe ní Dublin. Ìbọn Remington àti Sharps tí wọ́n ń ki láti ẹ̀yìn ni ti Amẹ́ríkà. Nígbà tí èéfín ẹ̀tù tú ká, Amẹ́ríkà ní 934, Ireland ní 931. Máàkì mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn. Ẹ gbọ́ èyí tó dùn jù: ará Ireland kan yin ọta kan tó bọ́ sí àárín gbùngbùn àmì, àfi pé àmì ẹlòmíràn ló yìn. Wọ́n kọ òdo fún un. Máàkì mẹ́rin ni ìbá gbà.

Ohun tó mú mi sọ ìtàn yìí ni igi. Òfin wọn kò gba kí ìbọn wúwo ju pọ́n-ùn mẹ́wàá lọ, kò sì gba kí a fi ohunkóhun gbé e ró. Ara ayìnbọn nìkan ni tábìlì. Henry Fulton, ẹni tó gba máàkì jù lọ lọ́jọ́ náà, 171 nínú 180, ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn, ó ká ẹsẹ̀ díẹ̀, ó sì gbé ẹnu ìbọn lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nítorí irú ìdùbúlẹ̀ yẹn, àwọn tó ń ṣe ìbọn Creedmoor gbé ihò ìfojúsùn kúrò nítòsí ọwọ́, wọ́n lọ kàn án mọ́ ìparí igi, lókè ibi tó ń kan èjìká. L. L. Hepburn, tó ń ṣiṣẹ́ fún Remington ní Ilion ní ìpínlẹ̀ New York yìí, wà lára àwọn tó ṣe ìbọn náà, òun fúnra rẹ̀ sì wà nínú àwọn mẹ́fà tó yìn ín. Aránṣọ tó wọ aṣọ tó rán nìyẹn. Igi tẹ̀lé ara, kì í ṣe ara ló tẹ̀lé igi.

Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan nìyí. Ní 1877, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìdíje yẹn, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, kò sì parí títí di 1893. Irú aáwọ̀ ìbọn kan náà ló wà níbẹ̀: ìbọn tí a ń ki láti ẹnu pàdé ìbọn tí a ń ki láti ẹ̀yìn, èyí tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó bá àwọn ará ilé wọn wá. Ìró ìbọn ló sọ ogun náà ní Kírìjí. Ti Creedmoor, eré ni; tiwa, ẹ̀mí lọ sí i. Kí á má gbàgbé ìyàtọ̀ yẹn nígbà tí a bá ń fi ẹnu dídùn sọ̀rọ̀ ìbọn.

Láti ara dé orí tábìlì

Pápá Creedmoor kò pẹ́ kó tó kú. Nígbà tó fi di 1892, wọ́n ti kó ìdíje ńlá lọ sí Sea Girt ní New Jersey. Ṣùgbọ́n ní òkè lọ́hùn-ún, ní àfonífojì odò Mohawk, ní ìpínlẹ̀ wa yìí náà, àwọn ènìyàn kò dákẹ́. Ilion wà níbẹ̀, níbi tí ìdílé Remington ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìbọn ní 1816, tí iṣẹ́ sì ń lọ níbẹ̀ títí wọ́n fi ti ilé iṣẹ́ náà pa ní 2024. Fultonville wà níbẹ̀, ìlú Harvey Donaldson, àgbà ayìnbọn tí àwọn onídìíje orí tábìlì ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ búra. Johnstown náà wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìdíje orí tábìlì àkọ́kọ́ ti òde òní ní pápá Pine Tree Rifle Club ní 1947. Ní 1951 wọ́n dá ẹgbẹ́ National Bench Rest Shooters Association sílẹ̀. Ní 1970, International Benchrest Shooters. Láti ibí dé Johnstown, bí ọkọ̀ kò bá há, wákàtí mẹ́rin lè má pé.

Báwo ni eré náà ṣe rí? Ayìnbọn jókòó sí tábìlì kọ̀ǹkéré. Ìbọn rẹ̀ sùn lórí àpò iyanrìn méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ó ní ìṣẹ́jú méje láti yin ọta márùn-ún sí bébà tó wà ní 100 yáàdì, tàbí 200. Kò sẹ́ni tó bìkítà bóyá ọta náà bá àárín àmì. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni bí ihò márààrún ṣe sún mọ́ra tó. Wọ́n á wọn láti etí kan dé etí kejì, wọ́n á yọ fífẹ̀ ọta kan kúrò, èyí tó kù ni máàkì. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló gbẹgbá orókè. Ní 1973, Mac McMillan yin ọta márùn-ún ní 100 yáàdì tí gbogbo rẹ̀ kò fi ju 0.009 íǹṣì jìnnà síra. Kò sẹ́ni tó já a fún ogójì ọdún, títí Mike Stinnett fi ṣe 0.0077 ní 2013. Ọta márùn-ún, ihò kan, bí ẹni pé ẹyọ ọta kan ló kọjá.

Ìwọ̀n ló ń ṣòfin ìdíje náà. Ìbọn tí wọ́n ń pè ní Light Varmint kò gbọdọ̀ ju pọ́n-ùn 10.5 lọ, Heavy Varmint kò gbọdọ̀ ju 13.5 lọ, awò ìríran àti ohun gbogbo ti wà nínú rẹ̀. Iwájú igi tó ń sùn lórí àpò kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju íǹṣì mẹ́ta lọ. Ẹ ronú sí i. Irin gbọ́dọ̀ nípọn kó má baà gbọ̀n. Awò kò ṣeé gé. Nínú pọ́n-ùn 10.5, bí pọ́n-ùn méjì ló máa ń kù fún igi. Iṣẹ́ ẹni tó ń gbẹ́ igi nìyẹn: kó fúyẹ́ bí ìyẹ́, kó sì le bí òkúta.

Bébà kan lábẹ́ pákó

Ẹ sún mọ́ iwájú díẹ̀. Mo gbé pákó yìí lé orí àpò méjì. Láti àpò iwájú dé ti ẹ̀yìn, 30 íǹṣì ni. Ẹ kà á sí ìbọn. Àmì wà ní 100 yáàdì, ìyẹn 3,600 íǹṣì, jìnnà ré kọjá ògiri yẹn. Mo wá mú bébà kan ṣoṣo, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì, mo tì í bọ abẹ́ ìdí pákó. Ta ló rí i pé ó gbéra? Ẹ kò rí i, èmi náà kò rí i. Nínípọn bébà yìí, bíi 0.004 íǹṣì ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi 30 pín 3,600, ẹ ó rí 120. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ ní ìdí igi, ìlọ́po 120 ni yóò dé àmì. Ìdí ti gòkè, ẹnu ti tẹrí ba, ọta sì ti bọ́ sísàlẹ̀ ní ìdajì íǹṣì. Nínú ìdíje tó gbóná, ìdajì íǹṣì ti tó láti sọ ènìyàn di èrò ẹ̀yìn. Bébà kan ṣoṣo ni o.

Nígbà tí ìbọn bá ró, ó ń ta padà. Kò sí igi tó lè sọ pé kó má ta. Ohun tí igi lè ṣe ni kó jẹ́ kí ó ta padà gbọọrọ, kí ayìnbọn lè tì í síwájú padà sí ojú ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà abẹ́ iwájú igi gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ọ̀pá ìbọn lọ ní ìbámu. Bí iwájú bá ṣóńṣó, tí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, àyè yóò máa ṣí sílẹ̀ láàárín igi àti etí àpò bí ìbọn ṣe ń sún sẹ́yìn, ìbọn yóò sì yí. Etí ìsàlẹ̀ ìdí igi, tó wọ inú àpò ẹ̀yìn tó ní etí méjì bí ti ehoro, òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kì í kà sí. Bí ó bá dagẹ̀ẹ́rẹ́ bíi ti ìbọn ọdẹ, bí ìbọn ṣe ń sún sẹ́yìn ni ìdí rẹ̀ ń rìn sísàlẹ̀ lórí àpò, ẹnu rẹ̀ ń wòkè. Bí ìdí náà bá tẹ́, ìbọn lè sún kí ojú rẹ̀ má kúrò lára àmì.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti ṣakabùlà tiwa. Ìbọn ọdẹ, ọdẹ ló ń gbé e kọ́ èjìká wọ igbó. Igi rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kó má há sí ìtàkùn. Alágbẹ̀dẹ rọ irin, gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ igi, wọ́n wá fi ọ̀já irin tàbí awọ de ọ̀pá mọ́ igi gírígírí láti ìdí dé ibi tó sún mọ́ ẹnu. Ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n nínú ìbọn orí tábìlì, ohun tí a dè mọ́ra nílé ni wọ́n tú sílẹ̀. Ọ̀pá ìbọn kò gbọdọ̀ fara kan igi níbì kankan. Bó ṣe ń ró ló ń gbọ̀n bí okùn gòjé, bí igi bá sì fọwọ́ kàn án lónìí tí kò kàn án lọ́la, ohùn rẹ̀ yóò yí padà. Ibi tí dọ́là wúlò nìyí. Wọ́n á ti owó dọ́là kan bọ àárín ọ̀pá àti igi, wọ́n á fà á láti ẹnu títí dé irin àárín, èyí tí a de ìdí ọ̀pá mọ́. Bí dọ́là bá há níbì kan, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ọnà lílé dé fínfín

Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ní orúkọ fún ìpele iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá mọ ìtàn Lamidi Fakeye, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, tàbí ti Aréògún ní Òsì-Ìlọrin ṣáájú rẹ̀, á ti gbọ́ ọ: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, fínfín. Mo fẹ́ fi ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí gbẹ́ igi ìbọn fún yín, torí n kò rí èyí tó dára jù ú lọ.

Ọnà lílé ni kí a fi àáké yọ ìrísí nǹkan jáde lára ìtì igi. Níhìn-ín, àáké ti di ẹ̀rọ ìrẹ́gi, ṣùgbọ́n ìbéèrè kò yí padà: igi wo? Wọ́n ti lo walnut tipẹ́, nítorí kì í tètè là, ó sì dùn ún gbẹ́. Ṣùgbọ́n igi a máa mu omi lójú ọ̀run. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà n'Íbàdàn ẹ mọ ilẹ̀kùn tí kì í fẹ́ tì nígbà òjò, tó wá ń jo afẹ́fẹ́ bí ọyẹ́ bá dé. Ilẹ̀kùn lásán nìyẹn. Ẹ fi bébà tí mo tì sábẹ́ pákó wọn ìwúwú igi, ẹ ó mọ ìdí tí ayìnbọn fi ń bẹ̀rù òjò oṣù keje ní New York.

Mo ti jìyà rẹ̀ rí. Mo ra pákó walnut kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó búra fún mi pé ó ti gbẹ. Ó rẹwà, ara rẹ̀ ń dán bí ara ejò. Mo gbẹ́ ẹ, mo dán an, mo gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru. Nígbà tí mo padà lọ wò ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iwájú rẹ̀ ti lọ́ bí ọrùn ẹni tó gbọ́ ìpè lẹ́yìn. Bàbá mi ti kọ́ mi pé igi tí a kò bá wọ̀n, ọ̀rọ̀ ẹnu ni a rà. Ẹ̀bi tèmi ni. Láti ọjọ́ náà, n kì í fi irin kan pákó tí n kò gbé sórí òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, kí oṣù kan wà láàárín. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ṣì ń dín kù, omi ṣì wà nínú rẹ̀.

Nítorí ìyà igi yìí ni àwọn ènìyàn bíi Chet Brown àti Lee Six fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáíbà ṣe ìdí ìbọn ní 1960 ó lé. Fáíbà kì í mu omi, ó fúyẹ́, ó sì le. Ilé iṣẹ́ McMillan náà di ìlú mọ̀ọ́ká nídìí rẹ̀. Lónìí, àwọn kan ń fi kábọ̀n wé igi fúyẹ́fúyẹ́, àwọn mìíràn ń fi pákó pẹlẹbẹ púpọ̀ lẹ̀ mọ́ra kí wọ́n máa di ara wọn mú kí wọ́n má lè lọ́. Igi kò kú. Ó kàn ti fẹ́ ìyàwó ni.

Àlétúnlé ni ìpele kejì, níbi tí a ti ń la ojú, tí a ń la imú, tí ère ń di ẹni. Nínú igi ìbọn, ibí ni a ti ń gbẹ́ ihò tí irin àárín yóò jókòó sí. Ìjókòó yìí ni ọkàn iṣẹ́. Bí irin bá jókòó lórí ọ̀kánkán méjì nìkan, bóòtù yóò tẹ̀ ẹ́ nígbà tí a bá dè é, irin yóò sì máa bínú nínú ilé ara rẹ̀. Nítorí náà a máa ń gbẹ́ ihò náà tóbi díẹ̀, a ó da àtè epoxy sí i, a ó fi òróró pa irin lára kó má lẹ̀, a ó tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀ kó fi ara rẹ̀ tẹ àyè tirẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ìdí tẹ iyanrìn etí òkun. Bó bá gbẹ tán, irin àti igi ti mọ ara wọn. Àwọn onídìíje kan tilẹ̀ fi àtè lẹ irin náà mọ́ igi pátápátá, kó di tọkọtaya tí kò sí ìkọ̀sílẹ̀.

Bí a ṣe ń dán ìjókòó náà wò nìyí: a ó gbé aago ìwọ̀n, èyí tó ń ka ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì, sí ibi tí ọ̀pá ìbọn wà. A ó tú bóòtù iwájú díẹ̀díẹ̀. Bí ọwọ́ aago bá dúró, irin jókòó ní àlàáfíà. Bí ó bá fò, ìjà wà nínú ilé, a sì gbọ́dọ̀ tún un dà.

Àlétúnlé yìí náà ni a ti ń wọn igi mọ́ ẹni tó ni ín. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Wọ́n rò pé igi tí a gbẹ́ fún ènìyàn ni igi tó bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mu bíi fìlà. Òótọ́ ni fún ìbọn tí à ń gbé lé èjìká. Lórí tábìlì, àwọn kan wà tí ara wọn kì í kan ìbọn rárá, àfi ìka kan ṣoṣo tó ń fà á. Fún irú wọn, ibi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lára igi, ìnáwó lásán ni. Àwọn mìíràn ń fi èjìká tì í díẹ̀. Irú wọn ń fẹ́ ìdí tó tẹ́jú, tó sì gùn níwọ̀n apá wọn. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ẹni tó bá ní kí n gbẹ́gi fún òun ni, "Báwo lẹ ṣe ń jókòó?" Bí kò bá mọ̀ ọ́n, a ó gbé àga wá, a ó gbé àpò iyanrìn wá, a ó gbé igi àlòkù wá, n ó sì wo ọwọ́ rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́.

Dídán ni ìpele kẹta. Lójú oníṣọ̀nà ère, dídán ni ẹwà. Lójú tiwa, dídán ni iṣẹ́ gan-an. Ibi tó ń fara kan àpò iwájú àti ti ẹ̀yìn ni a ń dán jù, ká fi kùn ún, ká tún fi omi àti bébà yanrìn fá a, títí igi yóò fi máa yọ̀ lórí àpò bí ọṣẹ. Ẹ ti gbọ́ ìdí rẹ̀ nínú ìṣirò bébà.

Fínfín ni ìkẹyìn, níbi tí gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ ọnà wẹ́wẹ́ sára aṣọ ọba, sára irun ayaba. Ìbọn ọdẹ àwọn òyìnbó ní fínfín tirẹ̀, ilà lórí ilà níbi tí ọwọ́ ń dì mú. Ìbọn orí tábìlì kò ní. Ilà kan tí ọ̀bẹ bá fà sí abẹ́ igi, àpò iyanrìn yóò gbá a mú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀. Iṣẹ́ yìí kọ́ mi pé kò sí ọnà tó dára níbi gbogbo. Ohun tó jẹ́ ògo lára ilẹ̀kùn ààfin lè jẹ́ àbùkù lábẹ́ ìbọn. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ ni ẹni tó mọ ìgbà tí ó yẹ kó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn

Kí n tó jókòó, ọ̀rọ̀ òfin. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé láàárín ìlú New York, àní bí ó bá jẹ́ ìbọn ìdíje tí kò lè ju ọta kan lọ lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ ní in nílé láìgba ìwé àṣẹ ìbọn gígùn lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá NYPD. Àwa tí a wà ní Cambria Heights, ìlú parí lẹ́nu ọ̀nà wa. Bí a bá ti kọjá sí Elmont, a ti dé Nassau, òfin ibẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, òfin ìpínlẹ̀ sì wà lórí méjèèjì. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun kò mọ ibi tí ààlà wà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ amòfin kí ẹ tó na owó. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ fọwọ́ kan ìbọn láyé rẹ̀, igi kò ní kí ó wá kan ìbọn. Bí irin ṣe ń jókòó nínú igi láìjà, bí a ṣe ń mọ̀ pé pákó ti gbẹ, bí a ṣe ń wọn ohun tí ojú kò rí: káfíńtà àga nílò rẹ̀, ẹni tó ń ṣe gòjé nílò rẹ̀, ẹni tó ń ṣe ẹsẹ̀ onígi fún aláàbọ̀ ara nílò rẹ̀ jù wọ́n lọ.

Mo sì bẹ̀ yín, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi ojú iṣẹ́ tálákà wo ọmọ tó bá fẹ́ràn igi. Ọmọ tó lè fi ọwọ́ rẹ̀ dá 0.004 íǹṣì mọ̀, ìṣirò ló ń ṣe, kò tíì mọ̀ pé ìṣirò ni.

Pákó, àpò àti bébà wà lórí tábìlì yìí. Kí àwọn ọmọ wá, kí wọ́n ti bébà bọ abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n pín 3,600 sí ọ̀nà 30 fúnra wọn. Kò sí ìbọn níbẹ̀.